Kí Ìrora Mi Má Dé Kétu

Tí èèyàn bá sọ pé òun wà nílẹ̀ òkèèrè, yìnyín àti aṣọ òtútù ló máa ń wá sọ́kàn ẹni tó ń gbọ́. Ilẹ̀ òkèèrè tèmi ni Ìkọ̀tún. Ọmọ Kétu ni mí, kì í ṣe Kétu tí ẹ ń gbà kọjá lọ sí Máìlì Twelve o, Kétu tó wà ní òdìkejì bọ́dà, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ará Èkó ń pè ní Kútọnu, bó ti wù kí ìlú èèyàn jìnnà sí Kútọnu tó. Iṣẹ́ irun dídì ni mo bá wá. Èrò mi ni pé màá ṣe é fúngbà díẹ̀, màá padà sílé, màá sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá mi. Ọdún ń gorí ọdún, mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe ariwo. Ariwo wà ní Kétu lọ́jọ́ ọjà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé èdè kan náà là ń sọ, síbẹ̀ wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo kí obìnrin kan bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, “Wò ó, Kútọnu yìí mà gbọ́ Yorùbá o!” Inú bí mi. Ta ló sọ fún un pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ? Àmọ́ irun orí rẹ̀ ti rí wúruwùru, ó sì jọ pé ó ń wá ẹni tó máa dì í. Mo bá rẹ́rìn-ín, mo fa àga fún un.

Báyìí ni mo ṣe di Kútọnu. Kò sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ. “Ẹ lọ bá Kútọnu,” wọ́n á ní, “ọwọ́ ẹ̀ yá, kì í sì í fa èèyàn lórí ya.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọwọ́ mi yá, ó sì tún rọ̀. Àwọn ọmọdé tó máa ń ké tí wọ́n bá rí ìyarun máa ń sùn sáàárín ẹsẹ̀ mi. Lọ́dún Iléyá kan, àwọn oníbàárà jókòó dè mí títí dé ẹ̀bá títì, onídìrí tó wà lódìkejì sì ń wò mí bíi kó gbé mi mì. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ra fóònù fún ìyá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń sọ̀rọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màámi gbà pé bí ìlú bá ṣe jìnnà tó ni èèyàn gbọ́dọ̀ kígbe tó, nítorí náà gbogbo agbo ilé wa ló máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ bi mí.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Màámi.”

“Kí lo jẹ?”

Tí mi ò bá tètè dáhùn, wọ́n ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, èmi á máa rẹ́rìn-ín, ọ̀sẹ̀ mi á sì dára. Mo lọ kí wọn nílé lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Àǹtí Èkó, wọ́n ń sín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ. Kútọnu ní Ìkọ̀tún, ará Èkó ní Kétu. Ẹnu ìyá mi nìkan ló kù tí mo ti lè gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, mo sì máa ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí rẹ̀.

Kókó tó yọ lọ́mú mi ọ̀tún kò dùn mí rárá nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ohun tí kò dunni, ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù nítorí rẹ̀? Ìgbà tí awọ ibẹ̀ le, tó sì bẹ́, ni mo tó lọ sọ́sibítù. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò egungun mi. Dókítà tó pè mí wọlé lẹ́yìn náà rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní jẹjẹrẹ ọmú ni, ó sì ti kọjá ọmú, ó ti wọ egungun ẹ̀yìn mi.

“Ẹ gé e dànù,” mo ní.

“Tí a bá gé e, èyí tó ti lọ ò ní padà, ma. A máa tọ́jú yín kí ara lè rọ̀ yín, kí ẹ sì lè gbádùn ìwọ̀nba tó kù. Mi ò ní tàn yín pé yóò lọ.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan, mo dúpẹ́! Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, mo mú fóònù mi jáde. Gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ dìrun. Mo dá a padà sínú báàgì.

Apá ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ó wú láti èjìká dé ọwọ́, ìka tó ń pín irun wẹ́wẹ́ kò sì ṣe é ká mọ́. Èmi tí mi ò fa ẹnikẹ́ni lórí rí fa obìnrin kan lórí títí tó fi pariwo. Ó ní, “Kútọnu, kí ló dé? Ṣé inú ń bí ẹ ni?” Mi ò lè sọ fún un. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí sórí fóònù, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba àkókò. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo sì kó lọ sí Ìgàndò, sí yàrá kan tí kò jìnnà sí ààtàn ńlá.

Tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti orí ààtàn, gbogbo ilé ló máa ń ti wíńdò. Èmi nìkan ni mo máa ń ṣí tèmi. Ọgbẹ́ àyà mi ti ń rùn nígbà yẹn, òórùn tí apá ọṣẹ kò ká, tí apá káńfọ̀ kò ká, tí lọ́fínńdà sì tún mú burú sí i. Lọ́jọ́ tí ààtàn bá ń rùn, mo lè jókòó síta bíi tàwọn yòókù, kí a jọ máa bú ìjọba. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá yí padà, mo máa ń ti ara mi mọ́lé. Mo bẹ Ọlọ́run nígbà míì pé kó jẹ́ kí ààtàn yẹn máa rùn títí. Ẹ wo irú àdúrà tí èmi ọmọ Kétu wá ń gbà ní Èkó.

Ìyá Sùlìyá, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ìborùn bo imú.

“Kútọnu, kí ló kú sínú yàrá ẹ? Eku ni àbí kí ni? Gbé e síta jàre, a ò lè jẹun!”

Mo rò ó pé kí n sọ pé eku ni. Ó ti rẹ̀ mí.

“Èmi ni, Ìyá Sùlìyá,” mo ní. “Èmi ni mò ń rùn.”

Mo ṣí àyà mi hàn án. Ó sọ ìborùn kalẹ̀ kúrò nímú, ó sì yí padà lọ. Mo ní ó ti lọ pe lańlọ́ọ̀dù nìyẹn. Àfi bó ṣe dé pẹ̀lú omi gbígbóná nínú kẹ́tùlù àti àwọn àjákù aṣọ funfun tó mọ́, èyí tó ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Mi ò mọ̀ ni jàre. Má bínú.” Ojú ọgbẹ́ náà ló kọjú sí, kò wo ojú mi. Òun ló wá Nọ́ọ̀sì Bọ́láńlé kàn, ọmọ Èkìtì kan tó máa ń káàkiri ilé àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ohun tí ọsibítù lè wò sàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí Nọ́ọ̀sì ṣe ni pé ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó tì mí. Ó fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́ náà, ó wá lọ hóró oògùn kan kúnná, oògùn tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí a máa ń mu fún inú rírun, ó sì wọ́n ọn sójú ọgbẹ́ bí ẹni tó ń wọ́n pàúdà sọ́mọ lára. Ó ní kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò gbóòórùn ara mi. Mo gbé aṣọ mi sún mọ́ imú, mo tún gbé e. Mo ké pe Ìyá Sùlìyá pé kó wá, ó wá, ó sì fa èémí jinlẹ̀. “Ọṣẹ ni mo gbọ́,” ó ní. A bú sẹ́kún, àwa méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì tún kọ́ mi bí mo ṣe lè máa ra apá wíwú yẹn lọ sókè, kí omi inú rẹ̀ lè lọ, ó sì ń fi báńdéèjì dì í. Ó fún mi ní oògùn ìrora olómi nínú ìgò kan, tó lágbára. Ó ní kí n máa mu ún ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, yálà ó ń ro mí tàbí kò ro mí. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Màámi ò tíì mọ nǹkan kan. Àbúrò mi Wàsíù, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, nìkan ni mo sọ fún. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ rí ohùn tí mo máa fi bá Màámi sọ̀rọ̀, ohùn ẹni tó ti jẹun. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mu oògùn náà, ohùn mi padà wá. Mo bá pinnu pé ti ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò jẹ́. Mo rò pé tí mo bá ń mu ún lójoojúmọ́, yóò mọ́ mi lára, kò sì ní ràn mí lọ́wọ́ mọ́ nígbà tí Màámi bá pè. Mò ń tọ́jú rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú aṣọ ọdún. Láwọn ọjọ́ yòókù, mo máa ń ki aṣọ bọ ẹnu, mo sì máa ń dorí kọ ògiri. Egungun ẹ̀yìn mi ń jó bíi pé wọ́n dáná sí i. Mo bẹ ikú. Mo bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, lójú ọ̀sán, pé kó wá mú mi.

Fóònù dún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọjọ́ tí Màámi kì í pè. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wo fóònù náà kí n tó gbé e, mo rò pé Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti ń ro mí láti òwúrọ̀.

“Ọmọ mi, mo lálàá ẹ ni mo ṣe—”

Mo fẹ́ sọ pé ẹ káàárọ̀ Màámi. Igbe ló jáde. Mo gbìyànjú láti fi ikọ́ bò ó, ikọ́ yẹn tún gún mi lẹ́yìn, mo sì ké lẹ́ẹ̀kejì.

Mo dúró kí wọ́n pariwo. Wọn ò pariwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ní fóònù, Màámi rọra sọ̀rọ̀, bíi pé inú yàrá mi ni wọ́n wà. “Láti ìgbà wo?” wọ́n bi mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wàsíù pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá mú mi. “Mi ò fẹ́ kú síbí, Wàsíù. Mi ò fẹ́ kú sáàárín àwọn tó ń pè mí ní Kútọnu. Gbé mi lọ sọ́dọ̀ Màámi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Tí ẹ bá wálé, tí Ọlọ́run bá wá pè yín, ibo la máa gbé Màámi gbà?”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nílé wa, ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi sàréè ọmọ hàn án. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún ìyá kan ní agboolé kejì. Wọ́n dì í mú lápá, wọ́n gbé e kúrò nínú ilé ara rẹ̀ lọ sí ilé ẹlòmíì, kó tó padà dé wọ́n ti tún ilẹ̀ ṣe, kò sì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà títí dòní. Bí mo bá lọ kú sọ́dọ̀ ìyá mi, mo fẹ́ lé wọn jáde nínú ilé wọn nìyẹn. Bí mi ò bá sì lọ, mi ò ní rí wọn mọ́. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì, kò sí ibi tó ti dára. Mo sunkún títí ojú mi fi gbẹ.

Àdéhùn tí èmi àti Wàsíù wá ṣe ni pé Wàsíù á mú Màámi wá sí Ìgàndò, wọ́n á bá mi gbé, òun á sì wá mú wọn padà kó tó di ìgbà yẹn. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó pe ìgbà yẹn lórúkọ.

Kí wọ́n tó dé ni Nọ́ọ̀sì rí ìgò mi.

“Ma, kí ló dé tí oògùn yìí ò dín?”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

“Ẹ fẹ́ kí ohùn yín dára fún Màmá lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá máa joró láwọn ọjọ́ tó kù? Kì í ṣe oògùn tí a ń tọ́jú nìyí o! Tí ẹ bá dúró kí ìrora dé, ẹ ti pẹ́. Ẹ máa lọ bá a lọ́nà ni. Kò ní mọ́ yín lára débi tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Tí èyí ò bá tó, màá fi kún un.”

Mo mu ún lójú rẹ̀. Mo mu òmíràn nígbà tó yẹ. Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mi ò sì ké. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí Ìyá Sùlìyá rà fún mi tán. Inú tún bí mi sí ara mi fún gbogbo àwọn ọjọ́ tí mo ti fi aṣọ di ẹnu.

Màámi wọlé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé imú wọn sí ọrùn mi, wọ́n sì fa èémí bí ẹni tó ń gbóòórùn ọmọ tuntun. Ká ní wọ́n dé kí Nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ǹ bá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ṣí i kí n wò ó,” wọ́n ní.

“Màámi, kò ṣe é wò.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọmú yẹn nígbà tó ń yọ. Ṣí i.”

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò sunkún níwájú mi. Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn, ọwọ́ wọn sì mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọn ò lè ka aago, torí náà wọ́n ṣètò oògùn mi pẹ̀lú ìrun: bí ládàánì bá ti pè, oògùn dé, láti Àsùbáà títí dé Ìṣáì. Nọ́ọ̀sì fi aago rẹ̀ wò ó, ó ní kí wọ́n fo ti ìrọ̀lẹ́ tó sún mọ́ Ìṣáì jù, kí wọ́n fún mi ní ọ̀kan sí i láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún ti Ìṣáì kí n lè sùn mọ́jú. Màámi ń bá Ìyá Sùlìyá jà lórí bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ, wọ́n ń pariwo lórí fóònù sí Wàsíù, wọ́n sì ń pe orúkọ mi láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò ní Èkó, ìgbà tí mi ò lè dìde mọ́ ni mo tó ní orúkọ níbẹ̀.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, tí oúnjẹ kò sì wọlé, mo ní kí Nọ́ọ̀sì sọ òótọ́. Ó di ọwọ́ òsì mi mú. Ó ní kò jọ pé yóò pẹ́ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo ní kó pe Wàsíù. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ àdéhùn ni àdéhùn.

Wàsíù dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò lè wo ojú mi. Ó sọ fún Màámi pé ẹ̀gbọ́n wọn nílé ní kí wọ́n máa bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí kan ló ṣẹlẹ̀. Màámi ò bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Wọ́n di ẹrù wọn, Wàsíù gbé báàgì náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ládàánì ti pe Àlàásárì, Màámi sì ti fún mi ní oògùn mi. Wọ́n wá tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Ẹ bá mi gbé e wá. Mo fẹ́ pọ̀n ọ́n.”

“Màámi, mo ti dàgbà.”

“Ta ló bi ẹ́ léèrè?”

Ìyá Sùlìyá àti Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n wá dágbére fún Màámi, rọra sọ̀ mí kalẹ̀. Wọ́n gbé apá mi wíwú lé èjìká Màámi. Àyà mi, pẹ̀lú ọgbẹ́ àti báńdéèjì rẹ̀, fara ti ẹ̀yìn ìyá mi, kò sì dùn mí. Màámi fi ìró yí àwa méjèèjì po, wọ́n sán an níwájú, wọ́n sì ń mì díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Wọ́n gbóná. Mo ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù.

“Màámi,” Wàsíù ní, “awakọ̀ ń dúró.”

Wọ́n tún ìró náà dì.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ ń ṣú lọ.”

“Rọra sọ̀rọ̀, Wàsíù,” ìyá mi ní. “Ọmọ ti sùn lẹ́yìn mi. Ṣé o ti rí ìyá tó ń sọ ọmọ tó ń sùn kalẹ̀, tó sì ń lọ?”

Mi ò sùn. Mo di ojú mi pinpin, mo ń mí bí ẹni tó ń sùn, títí mo fi gbọ́ tí Wàsíù gbé báàgì náà sílẹ̀.